Ọ́pà Áàmù Tó Ṣeé Fà Gùn Lára Honda Hala

Honda Accord ti ọdún 1992, èyí tí àwa ará Èkó ń pè ní Hala, ni mo ń wa ní Ìkòròdú, mi ò sì ní in lọ́kàn láti tà á. Apá méjì ló di táyà iwájú kọ̀ọ̀kan mú lára ọkọ̀ yìí, ọ́pà áàmù lókè, lówà áàmù nísàlẹ̀. Honda mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ti òkè kúrú ju ti ìsàlẹ̀ lọ, nítorí náà, bí ọkọ̀ bá ṣe ń rẹlẹ̀ sí i ni orí táyà ń tẹ̀ sínú sí i, èyí tó dára nígbà tí a bá ń yí kọ́nà. Ṣùgbọ́n bí spíríǹgì bá ti rọ̀ nítorí ọjọ́ orí, tàbí tí ẹni tó kọ́kọ́ ni ọkọ̀ ti gé e kúrú torí àṣehàn, táyà yóò wà ní títẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibì kankan lára ọ́pà áàmù tó bá ọkọ̀ wá tí a lè fi tún camber rẹ̀, ìyẹn bí orí táyà ṣe tẹ̀, ṣe. Ìdí nìyí tí àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn fi ń rọ áàmù tí a lè fà gùn tàbí kí a dín kù.

Kí ẹnikẹ́ni tó ná owó sórí rẹ̀, ó yẹ kó mọ ohun tó ń jẹ táyà rẹ̀ gan-an. Bàbá mẹkáníìkì tó ń bá mi tọ́jú ọkọ̀ ní Sábó wo táyà mi tí inú rẹ̀ ti dán, wọ́n ní, “Camber á jẹ táyà, àmọ́ toe ló máa ń gbé e mì.” Òótọ́ ni wọ́n sọ. Camber ni títẹ̀ orí táyà sínú tàbí síta. Toe ni bí táyà méjèèjì ṣe kọjú síra wọn tàbí kọ̀yìn síra wọn, òun ló sì ń fi táyà gbo ọ̀dà kíákíá jù. Búṣì (rọ́bà ìdí áàmù) tó ti ya àti bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì (oríkèé tó so áàmù mọ́ irin tó di táyà mú) tó ti ń mì náà lè dá irú ìyọnu kan náà sílẹ̀, ẹni tó bá sì ń gba ọ̀nà Ṣágámù déédéé kò ní sọ pé búṣì òun le bí ọjọ́ tó ti wá.

A wọn camber tèmi láìlo ẹ̀rọ kankan. A gbé ọkọ̀ sórí kọnkéré tó tẹ́jú, a so nọ́ọ̀tì ńlá mọ́ ìdí okùn, a sì fi okùn náà kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìta ríìmù, a wá wọn àlàfo tó wà láàárín okùn àti etí ríìmù lókè àti nísàlẹ̀. Lórí ríìmù ínṣì 14, bí àlàfo méjèèjì bá fi nǹkan bíi mìlímítà 6 ju ara wọn lọ, digirí 1 nìyẹn. Tèmi lé ní mìlímítà 12, búṣì àti bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì sì dára, nítorí náà áàmù tọ́ sí i.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan ní ihò gbọọrọ lórí rẹ̀, tí bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì lè sún sínú tàbí síta nínú rẹ̀. Èkejì ní jọ́ìǹtì irin lásán níbi tí búṣì yẹ kó wà. Ẹ̀kejì yìí dára fún eré ìje, ṣùgbọ́n iyanrìn àti omi òjò tiwa kì í jẹ́ kí ó pẹ́ kó tó máa pariwo. Ti àkọ́kọ́, tó ní búṣì rọ́bà, ni mo rà.

Iṣẹ́ náà kò le bí ojú ṣe rí i. Lára Hala, ara ṣọ́ọ̀kì ni spíríǹgì wà, orí lówà áàmù ni ṣọ́ọ̀kì sì dúró lé, nítorí náà ọ́pà áàmù kò ru ẹrù kankan. Kò rí bẹ́ẹ̀ lára Mustang ti àwọn ọdún 1960, tí spíríǹgì rẹ̀ jókòó sórí ọ́pà áàmù gan-an. Ẹni tó bá tú ti ìyẹn láìkọ́kọ́ di spíríǹgì mú lè ṣèṣe gidi. Síbẹ̀, kí a má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. A dẹ nọ́ọ̀tì bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì díẹ̀ láìyọ ọ́ tán, a sì fi òòlù lu ẹ̀gbẹ́ irin tó dì í mú títí ó fi já. Wáyà la fi so irin náà rọ̀ kí ó má bàa fi ọ̀pá rọ́bà bíréèkì rọ̀. Àwọn nọ́ọ̀tì inú bọ́nẹ́ẹ̀tì ti dógùn-ún, wọ́n sì gba sùúrù àti kẹrosíìnì.

A tẹ́ áàmù tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́, a ṣe gígùn wọn dọ́gba, kí a tó fà á díẹ̀ síta. Bóòtì búṣì ni ọ̀pọ̀ ń kánjú fún jù: tí a bá fún un pa nígbà tí táyà ṣì rọ̀ lókè, rọ́bà inú rẹ̀ yóò lọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá balẹ̀, kò sì ní pẹ́ ya. Ẹ jẹ́ kí táyà kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Ní ti nọ́ọ̀tì bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì, bí ihò píìnì tí kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tì tú kò bá bára mu, iwájú ni kí ẹ fún un sí. Kí ẹ má dẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn láé.

Lẹ́yìn náà ni aláínmẹ́ǹtì, ìyẹn títo táyà, camber ṣáájú, toe gbẹ̀yìn, nítorí pé bí a bá ti sún orí táyà ni toe ti yẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi táyà méjèèjì sílẹ̀ ní ìdajì digirí sínú, torí mi ò fẹ́ kí ọkọ̀ máa sáré bọ́ síta ní kọ́nà. Ohun tó kù ni pé bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì áàmù tuntun yìí kì í ṣe ti Honda, èèyàn kò sì lè retí àtirí i ní ọjà Ládípọ̀ bí ẹní ń ra ti ìpìlẹ̀. Mo ra méjì mọ́ ọn lọ́wọ́ ẹni tó ta áàmù fún mi, wọ́n sì wà nínú búùtù.