Ọmọ tí a kò kọ sílẹ̀

Ọjọ́ 28 péré lẹ́yìn tí oyún bá dúró, ohun tí yóò di ọpọlọ àti mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ti gbọ́dọ̀ ká bí ẹní, kí ó sì padé. Bí kò bá padé lápá ìsàlẹ̀, spina bifida ni: ẹ̀yìn ọmọ á là, tàbí kí kókó rírọ̀ yọ síta níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ lápá orí, agbárí àti ọpọlọ kò ní pé, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í sì í yè. Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ obìnrin ṣì rò pé nǹkan oṣù wọn kàn pẹ́ díẹ̀ ni. Nítorí náà, folic acid, fítámì tó ń dín àléébù yìí kù, tí aláboyún gbà nígbà tó forúkọ sílẹ̀ lóṣù kẹrin wúlò fún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò bá àléébù yìí mọ́.

Máíkírógíráàmù 400 lójúmọ́ ni kí obìnrin máa lò, ó kéré tán láti oṣù kan kí oyún tó dé, títí di ọ̀sẹ̀ 12. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ara páálí oògùn: mílígíráàmù 5 tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po méjìlá àbọ̀. Ẹni tó ti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí, tàbí tó ń lo oògùn wárápá bíi valproate, ni dókítà lè kọ ọ́ fún. Valproate fúnra rẹ̀ máa ń fa àléébù yìí, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má dá a dúró láìrí dókítà, kí wárápá má baà gbé e ṣánlẹ̀.

Ìwádìí Medical Research Council ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1991 ló fìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀: láàrin àwọn ìyá tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí, mílígíráàmù 4 lójúmọ́ dín in kù ní ìdá 72 nínú 100. Lọ́dún 1998 Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan kí wọ́n fi folic acid sí fúláwà, máíkírógíráàmù 140 nínú gíráàmù 100. Àmọ́ àwọn tó ń ka iye ọmọ tó ní àléébù rí i pé àléébù náà ṣì pọ̀ jù láàrin àwọn ìyá ìran Látìn. Ìyẹ̀fun àgbàdo masa ni púpọ̀ nínú wọn ń jẹ, òfin ọdún 1998 kò sì kàn án. Ọdún 2016 ni ìjọba tó gbà kí wọ́n fi folic acid sí i.

Ẹ wo tiwa. Ta ló máa fi folic acid sí èlùbọ́ tí wọ́n lọ̀ ní ẹ̀rọ àdúgbò? Obìnrin tó ń jẹ àmàlà, ẹ̀bà àti iyán kò rí ohunkóhun gbà nínú fúláwà búrẹ́dì. Ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ní in lára, ṣùgbọ́n bí a bá bọ ẹ̀fọ́, tí a fún un, tí a da omi rẹ̀ nù, a ti da púpọ̀ nínú rẹ̀ nù.

Níbi kíka iye ọmọ tó ní àléébù gan-an ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́. Ní Atlanta, láti 1967, àwọn òṣìṣẹ́ CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbógun ti àrùn, kì í jókòó retí ìròyìn. Wọ́n ń wọ ilé ìwòsàn, wọ́n ń ka ìwé àkọsílẹ̀ fúnra wọn, nítorí àléébù ọkàn lè má hàn lọ́jọ́ ìbí. Ká ní ọmọ 8,000 ni wọ́n bí láàyè ní ìlú kan, tí 12 sì ní àléébù ọ̀pá ẹ̀yìn tàbí orí, ti àwọn tó kú sínú pẹ̀lú: 15 nínú 10,000 nìyẹn. Bí a kò bá kọ àwọn 5 tó kú sínú, ó di bíi 9, ìlú á sì rò pé ara òun le. Ilé ìwòsàn ńlá máa ń ṣe òdìkejì: ìlú mẹ́wàá ló ń gbé aláboyún wá síbẹ̀, nítorí náà ẹ bi ìyá níbi tó ń gbé nígbà tí oyún dúró. Ọmọ tí wọ́n gbé láti ilé ìgbẹ̀bí lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lè di méjì nínú ìwé. Orúkọ ìyá àti ọjọ́ ìbí ọmọ ni ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò. Bí nọ́ọ̀sì bá sì kọ “omi orí” (omi tó pọ̀ jù nínú orí ọmọ) nìkan, spina bifida tó fà á ti sọnù. Kí ó kọ méjèèjì.

Èyí tó ń dùn mí jù ni òkú ọmọ. Wọ́n á tètè wé e, wọ́n á kọ “òkú ọmọ” sínú rẹ́jísítà, ó parí. Kí agbẹ̀bí yí i padà, kí ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ láti ìpàkọ́ dé ìdí, kí ó fi téèpù wọn orí rẹ̀ yíká, kí ó kọ ohun tó rí, kí wọ́n tó gbé e lọ.