Láti 0, 0 dé ẹnu ilẹ̀kùn: ìrìn kan nínú Minecraft

Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Lágere bí wọ́n ṣe ń dé Òpá Ọ̀rányàn, kò ní pe àríwá tàbí gúúsù sí i. Á ní kẹ́ ẹ forí lé Ẹnuwá, bẹ́ ẹ bá dé iwájú ààfin kẹ́ ẹ tún béèrè. Ìyẹn ti tó, torí ẹnu pọ̀ lójú ọ̀nà ní Ifẹ̀. Nínú Minecraft, eré orí ẹ̀rọ tí gbogbo ayé inú rẹ̀ jẹ́ búlọ́ọ̀kù, àwọn ará abúlé tẹ́ ẹ bá pàdé kò mọ̀ ju kí wọ́n máa kùn nímú lọ, ẹni tó ń júwe ọ̀nà fún yín sì jókòó sílé rẹ̀, fóònù létí.

Ìrìn tòní: láti ibi tí ayé náà ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi í sí 0, 0, títí dé ilé kan ní X −640, Z 200. Lórí kọ̀ǹpútà, bọ́tìnnì F3 ló ń gbé nọ́ńbà yìí jáde; lórí fóònù, ẹ wọ ibi ètò ayé yẹn kẹ́ ẹ tan Show Coordinates. X ń pọ̀ sí i bẹ́ ẹ bá ń lọ sí ìlà oòrùn, Z ń pọ̀ sí i bẹ́ ẹ bá ń lọ sí gúúsù. Gíga ibi tẹ́ ẹ dúró sí ni Y ń sọ, ẹ fi í sílẹ̀.

Máínọ́ọ̀sì ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Ẹni tó bá gbọ́ 640 láìgbọ́ máínọ́ọ̀sì á forí lé ìlà oòrùn, á sì fi búlọ́ọ̀kù 1,280 jìnnà sílé. Ìrìn ẹsẹ̀ lásán kò ju búlọ́ọ̀kù 4 àti díẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ìṣẹ́jú 5 ni ìpadàbọ̀ nìkan, bí kò bá sí odò tàbí òkè lọ́nà. Ojúmọmọ níbẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 10. Ilẹ̀ á ṣú mọ́ ọn lọ́nà, zombie, òkú tó ń rìn, á sì jáde. Ẹ sọ ọ́ báyìí: “ìwọ̀ oòrùn 640, gúúsù 200.”

Ọ̀tún àti òsì tún burú ju ìyẹn lọ.

“Ẹ̀gbọ́n, mo ti yà sọ́tùn-ún o.”
“Ibo lo kọjú sí kó o tó yà?”
“Igbó.”
“Igbó wo?”

Kí ẹ tó sọ ọ̀tún fún ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tójú rẹ̀ wà. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kó wo òkè: ìwọ̀ oòrùn ni ìkùukùu máa ń rìn lọ nígbà gbogbo, òdòdó sunflower sì máa ń kọjú sí ìlà oòrùn láti àárọ̀ dalẹ́. Kó má fi kọ́ńpáàsì ṣe é. Irin 4 àti redstone (ìyẹ̀fun pupa tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀) 1 ni wọ́n fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n kì í tọ́ka sí àríwá rárá. Ibi tí ayé náà ti bẹ̀rẹ̀ ló ń tọ́ka sí. Ó dáa fún ẹni tó ń padà bọ̀.

Ẹ má fi igi ṣe àmì. Ẹlòmíì á gé e ṣe pákó. Òkúta ni Òpá Ọ̀rányàn, òun ló fi wà níbẹ̀ dòní. Ẹ fi òkúta mọ òpó tó ga tó búlọ́ọ̀kù 20, kẹ́ ẹ ri ògùṣọ̀ mọ́ ọn lórí. Fóònù tí agbára rẹ̀ kéré, tẹ́ ẹ bá fi ìríran rẹ̀ (render distance) sí chunk 6, búlọ́ọ̀kù 96 péré ló ń rí, torí búlọ́ọ̀kù 16 ni chunk kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi 80 sáàárín òpó méjì; òpó 8 máa gbé yín dé −640.

Àwọn kan á ní àwọn fẹ́ gba Nether, ayé iná ìsàlẹ̀ nínú eré náà, kó lè yá. Ẹsẹ̀ kan níbẹ̀ jẹ́ mẹ́jọ lókè, nítorí náà −80, 25 ni wọ́n ń wá. X nìkan ni ọ̀pọ̀ máa ń pín, wọ́n á gbàgbé Z. Bẹ́ ẹ bá sì fi 10 ṣìnà nísàlẹ̀, 80 ni lókè. Kò sí oòrùn níbẹ̀, kọ́ńpáàsì á máa pòòyì, bẹ́ẹ̀dì tẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn lé á bú gbàù.

Ní òpó kẹjọ, ẹ yí sí gúúsù. Búlọ́ọ̀kù 200 ló kù. Ilẹ̀kùn ilé náà kọjú sí ìlà oòrùn, ẹ̀gbẹ́ ilé lẹ máa kọ́kọ́ rí. Ẹ gba ọwọ́ òsì yí i ká.