Mo Sọ Fún Wọn Pé A Kò Ní Òkun

Ìsọ̀kun ni mo wà báyìí, ní Iléṣà, níwájú ilé wa. Ọjọ́ kẹta tí mo dé nìyí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà, ní kí n sọ nǹkan tí ojú mi rí lọ́hùn-ún, pé ìròyìn òtútù ti sú àwọn. Mo bá sọ ti ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ onígbòkun.

Ìtòsí Portsmouth, ìlú etíkun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mò ń gbé, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló pè mí síbi oúnjẹ ọ̀sán tí ẹgbẹ́ wọn máa ń ṣe lọ́dọọdún, nínú oṣù kọkànlá, tí wọ́n bá ti fa ọkọ̀ gòkè nítorí òtútù. Wọ́n pè mí sóde o, wọ́n tún ní kí n san pọ́n-ùn 24! Ọjọ́ ṣì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti ń bi mí bóyá ẹran ni n ó jẹ tàbí ẹja. Bàbá Àgbà ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń húkọ́.

Mo wọ ìró àti bùbá, mo wé gèlè. Swẹ́tà ni gbogbo wọn wọ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán hàn lára ògiri, gèlè mi dí àwọn tó wà lẹ́yìn mi lójú, mo bá kó ara mi lọ sí àga ìkẹyìn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ìdákọ̀ró àtijọ́ kan ni wọ́n fi dá ilẹ̀kùn náà dúró. Láti kékeré ni mo ti ń ka ìdákọ̀ró àti ìgbòkun nínú Bíbélì, níbi tí ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù ti rì, àmọ́ ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ kan ìdákọ̀ró. Ó tutù, ó wúwo, ìpẹtà rẹ̀ yí mi lọ́wọ́.

Oúnjẹ? Ẹran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ọ̀dùnkún, omi ọbẹ̀ tí kò mọ ata. Ó tán.

Bàbá arúgbó kan nínú ẹgbẹ́ wọn ló sọ̀rọ̀, lórí Robin Knox-Johnston. Ọkùnrin yìí gbéra ní Falmouth ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 1968, òun nìkan nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Suhaili. Ó yí gbogbo ayé po láìdúró níbì kankan, ó sì gúnlẹ̀ padà ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1969. Ọjọ́ 312! Rédíò rẹ̀ bàjẹ́ lójú ọ̀nà, fún ọ̀pọ̀ oṣù kò sẹ́ni tó gbúròó rẹ̀. Ìdíje ni, ta ni yóò dá nìkan yí ayé po láìdúró: ọkùnrin mẹ́sàn-án ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, òun nìkan ló parí rẹ̀. Ó sì kó 5,000 pọ́n-ùn tó jẹ fún ìdílé Donald Crowhurst, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́sàn-án náà, tí kò padà wálé.

Bàbá náà wá na okùn láti ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ bàtà 32. Okùn náà kò dé ìdajì yàrá. Ó ní bí ọkọ̀ náà ṣe gùn mọ nìyẹn.

"Ta ló ṣẹ̀ ẹ́?" ni Bàbá Àgbà bi mí.

Mo ní kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ ẹ́.

"Àbí gbèsè ló sá fún?" Òṣómàáló ni Bàbá Àgbà nígbà èwe wọn, wọ́n ta aṣọ láwìn káàkiri, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè. "Ọjọ́ 312, màá lóṣòó dè é ní èbúté ni."

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi fa èyí tó kù. Mo ní lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, ìyá kan bi mí bóyá òkun wà ní ìlú wa, mo sì fèsì pé rárá, a kò ní òkun ní Iléṣà, a jìnnà sí i.

Ẹ̀rín kúrò lójú Bàbá Àgbà. "Kí ni à ń pe ọba wa?"

"Ọwá Obòkun, sà."

"Kí ló dé tí à ń pè é bẹ́ẹ̀?"

Mo dákẹ́ bí ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Àwọn fúnra wọn ló dáhùn: ojú Odùduwà fọ́, wọ́n ní àfi omi òkun. Ajíbógun, ọmọ rẹ̀ tó di Ọwá wa, ló lọ bù ú wá tí ojú fi là. Kó tó dé, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti pín ogún tán, idà ni wọ́n rí fún un. "Ta ló ń kó ènìyàn jọ jẹ ọ̀dùnkún nítorí ìyẹn? O jókòó láàárín àwọn ọlọ́kọ̀, o ní a kò ní òkun!"

Wọ́n ní tó bá di àmọ́dún kí n padà lọ san pọ́n-ùn 24 náà, kí n lọ tún ọ̀rọ̀ mi sọ. Wọ́n sì ní kí n bu omi òkun sínú ìgò wá fún àwọn.

Mo ní Bàbá, kílò 23 péré ni wọ́n gbà wá láyè ká kó sínú báàgì.

"Ta ló wọn ẹrù Ajíbógun?"