Obì, tọ́ọ̀ṣì àti BP

Ọ̀kún o, ẹ̀yin tèmi. Ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ń tẹ èyí, iná ò sí, bátìrì fóònù mi sì ti ń lọ sópin, tí ọ̀rọ̀ bá já láàárín kí ẹ má bínú.

Àsìkò kaṣú la wà ní Kábbà báyìí, ẹni tó bá ní oko mọ nǹkan tí mò ń sọ, bí èso ṣe ń jábọ́ lolè náà ń rìn, ìyẹn làwọn ọkùnrin wa ṣe máa ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án tán tí wọ́n á tún lọ ṣọ́ oko lóru, àwọn míì á bá fijilántè rìn yípo àdúgbò di ìdájí, torí ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé yìí ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọkàn balẹ̀ sùn mọ́. Tílẹ̀ bá ti mọ́, ẹ máa rí wọn lẹ́nu ọ̀nà mi, tọ́ọ̀ṣì ṣì wà lórí, ṣakabùlà léjìká, ojú pọ́n koko, nǹkan kan náà ni gbogbo wọn sì ń bèèrè, "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ fún mi ní Panadol, orí ń fọ́ mi." Mo ti fẹ̀yìn tì o, kẹ́míìsì ni mò ń tà, àmọ́ ta ló fẹ́ gbọ́.

Ti Bàbá Ìbejì, ọ̀kan nínú wọn, láàárọ̀ yìí ni mo fẹ́ sọ. Ó jókòó, ó ń jẹ obì, mo ní kó tu ú dànù ná, torí kafíínì wà nínú obì, ó sì lè ti BP, ìyẹn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, sókè fúngbà díẹ̀. A wá ń sọ̀rọ̀ nípa iye tí wọ́n ń ra kaṣú, bí àwọn tó ń wá rà á láti ìta ṣe ń yan wá jẹ, ó tó bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí n tó wé aṣọ ẹ̀rọ tí mo fi ń wọn BP mọ́ ọn lápá, mo gbé ọwọ́ ẹ̀ lé tábìlì, mo ní kó má gbẹ́sẹ̀ lésẹ̀, kó má sọ̀rọ̀. 164/98. Mo dúró díẹ̀, mo tún un wọ̀n, 158/96. Ó ní irọ́ ni, ìbà ló ń ṣe òun, kò sẹ́ni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru nílé àwọn, òun ò tíì pé 50.

Mo ní ẹ̀yin ọ̀gá, ìgbà wo lẹ sùn gbẹ̀yìn, ó bú sẹ́rìn-ín.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ nípa àìsùn ni pé ó máa ń jẹ́ kójú wúwo, kéèyàn máa bínú. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni tèmi wà. Awọ kan tẹ́ inú gbogbo iṣan ẹ̀jẹ̀ wa látòkè délẹ̀, ó fẹ́lẹ́ débi pé sẹ́ẹ̀lì kan péré ni nínípọn ẹ̀, awọ yẹn ló ń tú gáàsì kan tó ń jẹ́ nitric oxide sílẹ̀, òun ló ń sọ fún iṣan pé kó dẹ̀, kó fẹ̀, kẹ́jẹ̀ ráyè kọjá. Àwọn ará Amẹ́ríkà mẹ́ta, Robert Furchgott, Louis Ignarro àti Ferid Murad, ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1998 lórí ẹ̀. Ẹni tí kì í sùn, awọ yẹn ò ní lè ṣiṣẹ́ ẹ̀ bó ṣe yẹ, iṣan á máa le díẹ̀díẹ̀ bíi rọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi tí oòrùn ti pa lórí òrùlé.

Òmíràn tún wà níbẹ̀. Tí èèyàn bá sùn dáadáa lóru, BP ẹ̀ máa ń wá sílẹ̀ bí ìdá 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún, ìsinmi tí ọkàn àti iṣan ní nìyẹn láàárín wákàtí 24, kò sí òmíràn tó tó o. Ẹni tó lajú sílẹ̀, adrenaline àti cortisol, àwọn èròjà tó ń mú ara wà lójúfò, á ṣì máa ṣiṣẹ́ lára ẹ̀, ara á máa rò pé ogun wà níta, tàwọn èèyàn wa wá burú torí ogun wà níta lóòótọ́. Ibi tó ń já sí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ mọ̀ ọ́n, rọpárọsẹ̀, àìsàn ọkàn, kídìnrín.

Ó ní ṣebí òun máa ń sùn wákàtí mẹ́rin lọ́sàn-án. Mo wá sọ ti ìwádìí àwọn Yunifásítì Columbia ní New York fún un, àwọn obìnrin tára wọn dá ṣáṣá tó máa ń sùn wákàtí 7 sí 8 ni wọ́n lò, wọn ò ní kí wọ́n ṣọ́ oko kankan, wákàtí kan ààbọ̀ péré ni wọ́n ní kí wọ́n fi pẹ́ sùn lálaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nígbà tí wọ́n yẹ sẹ́ẹ̀lì inú iṣan wọn wò, ó ti ń bà jẹ́, kò sì rí ara ẹ̀ gbà sílẹ̀. Bàbá Ìbejì ní, "Wákàtí kan ààbọ̀? Wọn ò tíì rí nǹkan kan." Mo rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ òótọ́ ló sọ. Láti 2022 làwọn American Heart Association, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ìlera ọkàn ní Amẹ́ríkà, ti fi oorun kún àwọn nǹkan mẹ́jọ tí wọ́n ní ó ń dáàbò bo ọkàn, wákàtí 7 sí 9 ni wọ́n pè é fún àgbàlagbà.

Oorun ọ̀sán yẹn gan-an, irú oorun wo ni. Ẹ̀rọ ata wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn, àwọn ọmọ ń sáré wọlé sáré jáde, ooru, fóònù ń dún, ẹnì kan á tún wá sọ pé òkú kan wà nílẹ̀ ní ìlú Ìyàrá, wọ́n ń retí ẹ. Ìyàwó ẹ̀ tó wá bá a níbí tún ní tó bá sùn ó máa ń hanrun, èémí ẹ̀ á dá, á wá ta gìrì bí ẹni tí omi ń gbé lọ. Ìyẹn ò dùn mọ́ mi nínú rárá, torí èémí tó ń dá lójú oorun máa ń ti BP sókè fúnra ẹ̀. Mi ò ta oògùn BP fún un, BP ẹ̀ẹ̀kan ò tó gbé oògùn fúnni, mo kọ ọ́ sínú ìwé kó gbé e lọ sí ọsibítù kí wọ́n wò ó dáadáa, mo sì kìlọ̀ fún ìyàwó kó má jẹ́ kó sọ ọ́ nù sápò ṣòkòtò.

Nǹkan tó ń dùn mí ni pé ìlú máa ń dáwó bátìrì, a máa ń dáwó ọta, a máa ń pe àwọn tó ń ṣọ́ òru ní akọni ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń ka iye alẹ́ tí ẹnì kan fi ń ṣọ́nà láì sinmi.

Alága wọn kọjá nírọ̀lẹ́, mo dá a dúró, mo ní ẹ pín òru sí méjì, aago mẹ́wàá sí méjì, méjì sí mẹ́fà, kẹ́ni tó bá ṣọ́ ọ̀sẹ̀ yìí sinmi ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ní ó dáa, òun á gbé e dé ìpàdé. Ó padà wá láìpẹ́ pé ìjà ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn ló fẹ́ aago mẹ́wàá sí méjì, wọn ò rí ẹni tó máa gba ìdájí.