Ọmọ Ọ̀fà Kì í Gbé Ẹkún Wọlé

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ nínú oríkì wa pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà, àmọ́ ọdún tí ọmọkùnrin kan tó jù mí lọ bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó oúnjẹ lọ́wọ́ mi lójú ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Mo sunkún délé. Ìyá àgbà kò tilẹ̀ bi mí léèrè ohun tó ṣe mí. Wọ́n ní bí mo bá tún gbé ẹkún wọlé, ìyà inú ilé yóò ju ti ìta lọ, nítorí pé ẹni a lè mú là ń lẹ̀dí mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá mi mú mi lọ sórí iyanrìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rélùwéè, wọ́n ní kí n ti ẹsẹ̀ òsì síwájú, kí n tẹ orúnkún díẹ̀, kí n sì gbójú kúrò lójú ẹni tí mo bá kò, kí n máa wo ìbàdí rẹ̀, torí pé ojú a máa tanni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, iyanrìn ti kún eyín mi.

N kò dá ọmọ náà rí o. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo dúró tí n kò sá, ariwo wa pe ìyá alákàrà jáde, nígbà tó sì fi di alẹ́, ìyá ọmọ náà ti fà á wá sí agbolé wa, ọmọ náà sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú bàbá mi.

Ní Leeds, ìlú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí mo ń gbé báyìí, òfin ọdún 2006 ló pa á láṣẹ fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ìjọba pé kí ó ní ìlànà tí yóò fi dènà ìfínràn láàárín àwọn ọmọ. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ọmọbìnrin mi ń fi irun rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, olùkọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú wọn fi ṣe déédéé, ó kọ gbogbo ohun tí ọmọ sọ sílẹ̀, ó kà á padà fún un, ó sì bi í bóyá bí ó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ẹnu yà mí. Nígbà tèmi ní ilé ẹ̀kọ́ tí a ń gbé inú rẹ̀, sẹ́níọ̀ lè ní kí ènìyàn kúnlẹ̀ láti alẹ́ mọ́jú, ẹni tó bá sì fẹjọ́ sùn, olófòófó ni wọ́n ń pè é. Gbogbo ìjàkadì tí mo kọ́ kò wúlò níbẹ̀, nítorí pé ẹgbẹ́ mi nìkan ni wọ́n kọ́ mi láti dúró dè, ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi bí a ti ń kojú ẹni tí wọ́n fi ṣe olórí mi.

Síbẹ̀, ohun kan ń dùn mí. Ilé ẹ̀kọ́ náà kò jẹ́ kí n mọ àwọn òbí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, bóyá a sì ń kí ara wa lẹ́nu géètì ní òwúrọ̀ gbogbo. Kò sí ìyá alákàrà kankan níbẹ̀ tí yóò mú wa kojú ara wa.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo ká kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ kúrò nílẹ̀, mo ní kí ọmọ mi ti ẹsẹ̀ òsì síwájú, kí ó tẹ orúnkún, kí ó máa wo ìbàdí mi. Ó dúró dáadáa, n kò purọ́. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè, ó ní, “Dádì, tí mo bá ti dá a tán, ta ni kí n lọ sọ fún?”