Tábìlì àpótí ẹja àti ọmọrí rẹ̀: ohun tí omi kọ́ mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ káfíńtà lọ́wọ́, nígbà tí oníbàárà kan kọ́kọ́ ní kí n bá òun kan tábìlì tí òun máa gbé àpótí gíláàsì ẹja lé, mo rò pé tábìlì ni tábìlì ń jẹ́. Àpótí náà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 4, ó fẹ̀ ní ínṣì 18, ó sì ga ní ínṣì 18. Gíláàsì ni mo wọ̀n, mi ò ṣírò omi.

Lítà omi kan, kílò kan ni. Àpótí tó tó bẹ́ẹ̀ ń gba bíi lítà 250, ìyẹn lé ní kẹ́ẹ̀gì onílítà 20 méjìlá. Ẹ fi yanrìn, òkúta àti gíláàsì fúnra rẹ̀ kún un, ó ti kọjá kílò 300. Bíi kí géńdé mẹ́rin gun orí tábìlì, kí wọ́n má sọ̀ kalẹ̀ mọ́ tọ̀sán-tòru.

Ibi tí igi ti pàdé igi ni mo ti ṣì í. Mo jẹ́ kí ẹsẹ̀ tábìlì ga dé òkè, mo wá kan igi ìdábùú mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìṣó ló wá ń gbé gbogbo ẹrù yẹn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, oníbàárà pè mí pé òun ń gbọ́ kẹ́kẹ́ lóru. Nígbà tí mo máa fi débẹ̀, ìdábùú ọwọ́ òsì ti wálẹ̀ díẹ̀, ìṣó ti tẹ̀, ojú igi sì ti ń là. Korobá la fi gbọ́n omi náà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, gíláàsì ò fọ́.

Láti ọjọ́ náà, orí ẹsẹ̀ ni mo ń gbé ìdábùú lé. Màá gé ẹsẹ̀ kúrú kí ìdábùú lè jókòó lé e gbọn-in, kí igi máa gbé igi títí dé ilẹ̀. Kí ó má baà yẹ̀ nìkan ni skúrù àti gọ́ọ̀mù wà fún. Ìrókò ni mo fẹ́ràn fún ẹsẹ̀. Mo tún máa ń kan plywood bo ẹ̀yìn tábìlì náà, kí ó má baà máa mì sọ́tùn-ún sósì. Ẹ fi lẹ́fẹ̀ẹ̀lì wò ó kí omi tó wọ̀ ọ́, torí bí igun kan bá rẹlẹ̀, gíláàsì ló máa jìyà rẹ̀.

Ọmọrí ni mo fi igi arère ṣe, torí ó fúyẹ́. Mo kun ìta rẹ̀ ní fáníìṣì ẹ̀ẹ̀mẹta, ó ń dán gbinrin. Inú rẹ̀ ni mo fi sílẹ̀, mo ní ta ló máa wò ó? Ooru omi ló ń wò ó. Láràárọ̀ ni omi máa ń sẹ̀ sí inú ọmọrí, ẹ ó rí i tó ń kán tótó. Kò pẹ́ tí pákó fi wú, tí ọmọrí ò ṣí mọ́, tí híńjì onírin sì ń ro ìpẹtà sórí ẹja. Inú ni mo kọ́kọ́ ń kùn báyìí, ojú ibi tí ayùn gbà kọjá sì ń gba ìlọ́po méjì, torí ibẹ̀ ló ń mu omi jù. Màá ṣí i sílẹ̀ sínú afẹ́fẹ́ títí òórùn fáníìṣì fi máa lọ tán. Híńjì idẹ ni mo ń lò, mo sì ń lu ihò sẹ́yìn ọmọrí kí ooru rí ibi gbà jáde.

Ihò yẹn náà ni wáyà iná ń gbà. Mo máa ń jẹ́ kí wáyà náà rọ̀ wálẹ̀ ju sókẹ́ẹ̀tì lọ kí ó tó gòkè padà, kí omi tó bá ń tọ̀ ọ́ bọ̀ lè kán sílẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń ṣe èyí, mi ò tíì fi í lé ọmọ iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ rí.