Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ní Lisbon: ẹ tètè jí, kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ bá ń lọ Lisbon, olú ìlú Portugal, ẹ dákun, ẹ má ṣe bí mo ṣe ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo sùn títí aago mẹ́wàá fi kọjá, ìgbà tí mo máa fi dé ibi tí wọ́n ti ń wọ tíráàmù nọ́ńbà 28, ìyẹn ọkọ̀ orí irin tó ń gba àárín ìlú, èrò ti tò lọ rẹrẹ, mo dúró bíi wákàtí kan, ìgbà tí mo wá ráyè wọlé, wọ́n fún mi mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn, ìpàkọ́ àwọn èèyàn nìkan ni mo rí. Owó lọ, ojú ò rí nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kejì, aago méje ò tíì lù tí mo ti wà ní Praça do Comércio, gbàgede ńlá kan létí odò Tagus, àwọn tó ń gbálẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ààfin ọba ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí ilẹ̀ tó mì tìtì láàárọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 1755, ọjọ́ ọdún Gbogbo Ènìyàn Mímọ́, ṣọ́ọ̀ṣì kún fọ́fọ́, àwọn tó wá sá lọ sétí omi, omi tún ya bò wọ́n, iná wá ń jó ìlú. Ó ṣe mí láàánú gan-an.

Alfama, àdúgbò àtijọ́ kan lórí òkè, ni mo gùn lọ lẹ́yìn ìyẹn, torí ilẹ̀ tó mì yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ pa á run, ìyẹn ni ọ̀nà ibẹ̀ ṣe há tó sì lọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Ẹ wọ bàtà tó ń di ilẹ̀ mú o! Òkúta kéékèèké tí wọ́n tẹ́ síbẹ̀, ẹsẹ̀ èèyàn ti fi dán bí abọ́ tánganran, tí ìrì bá ti sẹ̀ sí i, ó ń yọ̀ bí ilá. Mo rí ìyá àgbà kan tó ń fọwọ́ gbá ògiri mú bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀, èmi náà bá ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ibì kan péré lẹ máa wọ̀, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì São Domingos nítòsí gbàgede Rossio. Iná jó o lọ́dún 1959, wọ́n kan òrùlé tuntun fún un, wọ́n fi àwọn òpó ẹ̀ sílẹ̀ bí iná ṣe bá wọn. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan, ó rí ṣákaṣàka bí ìdí ìkòkò tó ti pẹ́ lórí ààrò. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ́, mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà.

Bí mo ṣe jáde, àwọn èèyàn wa adúláwọ̀ ti ń kóra jọ síwájú ibẹ̀, ìyá kan sì tẹ́ obì sílẹ̀. Obì gidi o! A ò gbédè ara wa, mo sáà nàka sí i, mo ra méjì, ó fi ẹyọ kan ṣe ènì fún mi, inú mi dùn débi pé mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún un.

Ìgbà tí mo fi máa padà kọjá níbi tíráàmù, èrò ti ń tò.